Láti Ìjàpá dé Ọkọ̀ Oníná: Eré Tó Ń Gba Alímọ̀ṣọ́ Kọjá

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa ọ̀dọ́ Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàǹdó: mọ́tò wo ló ń gbéra jù? Ẹ kíyè sí i pé a kò bèèrè mọ́tò tó lè sáré jù. Ta ni yóò sá 200 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù, níbi tí kòtò, kèké àti èrò ọjà ti jọ ń pín títì lò? Ohun tí a ń jà lé lórí ni ìgbéra, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí dírẹ́bà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ tọ́tù, tí ẹ̀yìn wa lẹ̀ mọ́ àga, tí ọkàn wa sì fò sókè.

Tẹ́lẹ̀, àárín àwọn mọ́tò tó ń mu bẹntiróò nìkan ni ìjà náà wà: àwọn olólùfẹ́ Honda níhìn-ín, àwọn olólùfẹ́ BMW lọ́hùn-ún. Ní báyìí, àlejò kan ti wọlé. Gbogbo wa la ti rí fídíò ọkọ̀ oníná tó fi mọ́tò olówó ńlá sílẹ̀ láìpariwo rárá. Àwọn kan nínú wa ń pariwo pé bẹntiróò ti kú. Àwọn kan ní mọ́tò tí kò bú ramúramù kì í ṣe mọ́tò, pé fóònù onítáyà mẹ́rin ni.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi ìtàn dá sí ìjà náà. Ohun méjì la fẹ́ sọ. Èkíní, ìdíje láàárín iná àti bẹntiróò kì í ṣe tuntun, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, iná ló sì kọ́kọ́ borí. Èkejì, àwa ará Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe òǹwòran nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bẹntiróò ń gba abẹ́ ilẹ̀ wa kọjá, iná sì ń gba orí wa kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó dára jù nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ ka ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ná wa mọ́ ọn.

Iná ló kọ́kọ́ borí

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1899, ọmọ ilẹ̀ Belgium kan tó ń jẹ́ Camille Jenatzy wọ inú ọkọ̀ kan tó rí bí ọta ìbọn ńlá, ní Achères, nítòsí Paris. Orúkọ ọkọ̀ náà ni La Jamais Contente, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn láéláé. Ó sá 105.88 kìlómítà ní wákàtí kan. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ọkọ̀ ojú títì kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọkọ̀ náà kò mu ẹ̀kán bẹntiróò kan, bátìrì ló gbé e rìn.

Kì í ṣe eré ìdíje nìkan ni iná ti gbajúmọ̀ nígbà náà. Nínú ọkọ̀ 4,192 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1900, ooru omi gbígbóná ló ń wa 1,681, iná ló ń wa 1,575, bẹntiróò sì ń wa 936 péré. Ẹni ìkẹyìn ni bẹntiróò. Ó di ọdún 1902 kí ọkọ̀ abẹntiróò tó gba ipò ọkọ̀ tó yára jù láyé.

Kí ló wá dé tí iná fi pàdánù? Kì í ṣe pé kò lè gbéra. Bátìrì ìgbà náà wúwo, kì í sì í gbé ọkọ̀ jìnnà kó tó kú. Bẹntiróò ní tirẹ̀ ń di pọ̀ǹtọ̀, wọ́n ń tà á káàkiri, ó sì rọrùn láti rọ sínú kẹ́ẹ̀gì gbé lọ sí oko àti abúlé. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dààmú àwọn abẹntiróò: ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí irin níwájú mọ́tò kó tó jí, irin yẹn sì máa ń ta padà, ó ń ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ní ọdún 1912, ilé-iṣẹ́ Cadillac bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tí Charles Kettering ṣe sínú mọ́tò wọn. Mọ́tò iná kékeré ni ẹ̀rọ yẹn, òun ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Iná ló jí bẹntiróò lójú oorun, bẹntiróò sì gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.

A fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni kókó ìtàn náà: ìgbéra kọ́ ló pinnu ẹni tó borí. Oúnjẹ ọkọ̀ ló pinnu rẹ̀, ibi tí a ti lè rí i, iye tí wọ́n ń tà á, àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ìtàn yẹn tí yóò kàn wá láìpẹ́. Ní ọdún 1900 kan náà, níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Paris, wọ́n ṣe àfihàn ọkọ̀ oníná kan tí mọ́tò iná wà nínú táyà rẹ̀ gan-an. Ẹni tó ṣe é kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ferdinand Porsche ni orúkọ rẹ̀.

Ìjàpá wọ Ọ̀jọ́

Ferdinand Porsche yìí kan náà ló wá ṣe Volkswagen Beetle ní àwọn ọdún 1930, mọ́tò tí àwọn bàbá wa sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Bàdágìrì. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ní Ìgàǹdó, tó gba ọ̀nà LASU dé Ìyànà Ìbà, kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Títí di òní, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ṣì ń ké "Volks! Volks!" ní ibùdókọ̀ ibẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, tí 504 sì di mọ́tò olóyè, ọ̀gá ìjọba àti àwọn awakọ̀ tó ń rin ìrìn-àjò jíjìn.

Ìjàpá kò ní ìgbéra. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1300 ní agbára ẹṣin 44 péré. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ kan, bọ́ọ̀sì Volkswagen, ló di dánfó, dánfó ló sì kọ́ èrò Èkó ní ohun tí ìgbéra jẹ́. Kì í ṣe eré ọ̀nà gbọọrọ ni dírẹ́bà dánfó ń wá, àlàfo ló ń wá. Àlàfo tó fẹ̀ tó ìwọ̀n mọ́tò kan bá ṣí sílẹ̀ níwájú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbéra ló ni ín. Gbogbo wa tí a dàgbà ní Ìyànà Ìpájà, Dópẹ̀mú tàbí Ìkòtún ló mọ eré yẹn lára kí a tó mọ orúkọ mọ́tò kankan.

Lẹ́yìn náà, nǹkan yí padà. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ní 1986, ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Mọ́tò tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́ ìjọba àti tíṣà. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń lọ sí àárín, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá ní Ọ̀jọ́. Mọ́tò àlòkù láti òkè òkun ló wá kún títì, a sì fún un ní orúkọ tí a ń fún ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ tí wọ́n gbé wálé: tòkunbọ̀.

Tòkunbọ̀ ló kó ìgbéra wọ àdúgbò wa. A sì mọ̀ ọ́n dáadáa débi pé a sọ wọ́n lórúkọ, bí a ti ń sọ ọmọ. Toyota Camry ọdún 1992 di Ọ̀rọ̀bọ̀. Honda Accord tó jáde ní 2003 di End of Discussion, èyí tó jáde ní 2008 sì di Evil Spirit. Ẹ wo irú orúkọ wọ̀nyí: òpin ọ̀rọ̀ ni èkíní, àǹjọ̀nú ni èkejì. Ìlú tó bá ń sọ mọ́tò lórúkọ báyìí kì í kàn ń gun mọ́tò, ó ń bá a gbé ni. End of Discussion tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V6 ní agbára ẹṣin 240. Ẹni tó bá ti Ìjàpá 44 bọ́ sínú rẹ̀ yóò mọ̀ pé àríyànjiyàn ti parí lóòótọ́.

Ohun tó yàtọ̀ nínú ìgbéra méjèèjì

Ṣé ó wá parí? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Stallion gbé Hyundai Kona oníná jáde ní Èkó. Ibi tí wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen àtijọ́ ní Ọ̀jọ́. Ibi tí Ìjàpá ti jáde ni ọkọ̀ oníná náà ti jáde, ọdún 45 ló wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ ká fi òun àti End of Discussion V6 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Bí a bá fi agbára ẹṣin wò ó, Honda ló tóbi jù: 240 sí nǹkan bí 204. Ṣùgbọ́n agbára ẹṣin kọ́ ni ẹ̀yìn wa kọ́kọ́ ń gbọ́. Agbára ìfà ni, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí táyà tipátipá. Ti Honda jẹ́ 287 ní ìwọ̀n Newton-mítà, kò sì ní fúnni ní gbogbo rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi yípo ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ti Kona jẹ́ 395, ó sì wà níbẹ̀ láti ìgbà tí táyà kò tíì yí rárá.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò gbọ́dọ̀ fa atẹ́gùn wọlé, kó po ó mọ́ epo, kó ki í mọ́lẹ̀, kó dáná sí i, kó tú èéfín jáde. Bí ó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn tó ń mí kò pọ̀, agbára rẹ̀ náà kò pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ sáré nínú ara rẹ̀ kó tó lè sáré lójú títì. Ìdí nìyẹn tó fi nílò jíà, bí jíà bá sì ti ń yí, ìfà náà máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò iná kì í mí. Bí iná bá ti wọ wáyà, agbára òòfà inú rẹ̀ ti dìde, ó sì ń yí táyà lójú ẹsẹ̀. Kò sí jíà tí a ń pààrọ̀, kò sí dídúró.

Ṣùgbọ́n àǹfààní yẹn kì í tọ́jọ́. Bí iyára bá ti ń lọ sókè, ìfà mọ́tò iná máa ń rẹlẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì ńlá sì ń jí dáadáa. Bátìrì tún wúwo, ó sì ń fi ara rẹ̀ hàn ní kọ́nà àti níbi bíréèkì. Iná ń fúnni ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹntiróò ń kó tirẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn mọ́tò ọlọ́lá lágbàáyé kò yàtọ̀. Bugatti Veyron ọdún 2005 ní agbára ẹṣin 1,001, ó sì ń dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Ó jẹ́ ìyanu nígbà náà. Ní ọdún 2023, Rimac Nevera, ọkọ̀ oníná láti Croatia, ṣe é ní 1.81. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ọkọ̀ yẹn ń gbéra lójú títì yára ju bí òkúta tó já bọ́ láti orí òrùlé ṣe ń já lọ. Bẹntiróò náà kò sì tíì túúbá. Ní ọdún yẹn kan náà, Dodge gbé Demon 170 jáde, ilé-iṣẹ́ náà sì sọ pé ó ń dé 96 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá 1.66 lórí ilẹ̀ ìdíje tí wọ́n ti tọ́jú.

Ìgbádùn wọn wá ńkọ́? Níbí ni a kò ti fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe ìdájọ́. Ìgbéra bẹntiróò ní ìtàn nínú. Ohùn rẹ̀ ń gòkè bí ìgbà tí onílù ń gbé ìlù lọ sókè, jíà yí, ó tún bẹ̀rẹ̀, etí ń gbọ́ ọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ìgbéra iná dà bí mànàmáná tí kò ní ààrá: kí o tó mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀, ó ti parí. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ kò purọ́, kò sì ya aláìmọ̀kan. Ohùn jẹ́ apá kan ìgbádùn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má ṣe fi ohùn pe eré. Mọ́tò tó pariwo jù ní Ẹgbẹ́dá lè jẹ́ èyí tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti jẹrà.

Epo abẹ́ ilẹ̀

Ní báyìí, a dé ilé. Oúnjẹ ọkọ̀ ló pinnu ìjà àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1912. Ní Alímọ̀ṣọ́, oúnjẹ náà ní ọ̀nà tó ń gbà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n ri páìpù ńlá tó ń gbé epo láti Atlas Cove létí òkun lọ sí Mósìmì nítòsí Ṣàgámù, títí lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wọ ibi ìkó-epo-sí ní Èjìgbò. Nígbà tí wọ́n ń ri páìpù yẹn, oko àti igbó ló pọ̀ jù lágbègbè wa. Ìlú ló wá bá páìpù. Nígbà tí wọ́n fi ka ènìyàn ní ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, òun ló sì pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ ló ń sùn, tó ń tajà, tó ń jọ́sìn nítòsí epo tí kì í ṣe tiwọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, páìpù náà gbaná ní Abúlé Ẹ̀gbá. Àwọn kan ti lu ú lóru, ará àdúgbò sì jáde pẹ̀lú garawa àti kẹ́ẹ̀gì láti gbọ́n epo tó ń dà. Ọ̀wọ́n epo wà nígbà náà. Ju 250 ènìyàn lọ ló kú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ó kan Ìjẹ̀gùn, lẹ́yìn Ìkòtún. Lọ́tẹ̀ yìí, olè kọ́ ló fà á. Katapílà tó ń la ọ̀nà ló gún páìpù, iná sì jó ilé, mọ́tò àti àwọn ọmọ iléèwé. Nǹkan bí 100 ni iye àwọn tí wọ́n ròyìn pé ó kú. Ní oṣù Keje ọdún 2019, Ìjẹ̀gùn tún jó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Abúlé Ẹ̀gbá tún jó.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí ti 2008 yẹn dáadáa. Ọ̀nà ni wọ́n ń ṣe, kí mọ́tò lè rí ibi gbà. Eré la ń wá, eré náà ló gún wa lójú. Nígbà tí a bá ń gbádùn ohùn V6 tó ń gòkè, ó yẹ kí a rántí pé iná tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, irú rẹ̀ kan náà ló jó àwọn aládùúgbò wa. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè tìtorí rẹ̀ ta mọ́tò rẹ̀. A sọ ọ́ nítorí pé nínú gbogbo ìwé ìròyìn mọ́tò tí a ti kà, tí wọ́n ti ń fi bẹntiróò wé iná, iye tí epo ń ná àwọn tó ń gbé lórí páìpù kì í sí nínú ìṣirò.

Iná orí wa

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó fẹ́ràn ọkọ̀ oníná, ẹ má tíì máa yọ̀. Iná náà ní ìtàn tirẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́.

Ní Ayọ̀bọ̀ ni ibùdó ìpín-iná ńlá tí wọ́n ń pè ní Ikeja West wà. Iná láti Ẹgbìn ní Ìkòròdú, ibùdó tí wọ́n kọ́ láti lè mú 1,320 mẹ́gáwáàtì jáde, ń wọ ibẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in. Láti ọdún 2007, wáyà ńlá kan ti ibẹ̀ yẹn lọ sí Ṣàkẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ìyẹn ìlú àwọn ìbátan wa lápá kejì ààlà, wọ́n sì ń ta iná fún Benin àti Togo láti ibẹ̀. Nítorí náà, iná tó ń tan gílóòbù ní Kùtọnù lè ti gba orí òrùlé Alímọ̀ṣọ́ kọjá. Àwọn tó wà lábẹ́ wáyà ńkọ́? Wọ́n ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a sọ ní "I better pass my neighbour".

Ẹ jẹ́ ká fi jẹnẹrétọ̀ yẹn ṣe ìṣirò. Bátìrì Kona gba 64 kìlówáàtì-wákàtí. Bí jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé 650 wáàtì bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, yóò gbà á tó wákàtí 98 kó tó kún, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Epo tí yóò mu láàárín ọjọ́ mẹ́rin náà ti tó fún ọkọ̀ abẹntiróò láti rin iye kìlómítà kan náà, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ọkọ̀ oníná tí a ń fi jẹnẹrétọ̀ bọ́, ọkọ̀ abẹntiróò ni, ìyàtọ̀ kàn ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ṣùgbọ́n bí iná bá wà lójú wáyà, ìtàn yí padà pátápátá. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kúrò ní nǹkan bí ₦185, ó di ₦488 ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti di ₦998. Ní ti iná, àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦225 fún ìwọ̀n kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, kó tó wá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó sì jẹ́ ₦209.50 ní oṣù Keje. Bí Honda bá mu lítà 10 fún 100 kìlómítà, ₦9,980 nìyẹn. Bí Kona bá lo ìwọ̀n 15 fún ìrìn kan náà, ₦3,142.50 ni. Nínú gosiló Ìkòtún, àlàfo náà tún máa ń fẹ̀ sí i, nítorí ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ń mu epo lórí ìdúró. Ọkọ̀ oníná tó dúró kì í yí mọ́tò kankan, bó bá sì tẹ bíréèkì, ó ń dá díẹ̀ nínú agbára náà padà sínú bátìrì.

Ẹ wá wò ó: mọ́tò tó ń gbéra lójú ẹsẹ̀, tó ń dúró, tó tún ń gbéra, tí gosiló kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Iṣẹ́ dánfó nìyẹn. Iṣẹ́ kèké àti Kòròpe nìyẹn. Bí a bá fi ọgbọ́n wò ó, kì í ṣe ilẹ̀ eré ìje ní òkè òkun ni ìgbéra iná bá mu jù, àárín Ẹgbẹ́dá àti Ìkòtún ló bá mu jù.

Ta ni yóò gbéra?

Ìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan sínú iná. Ní ọdún 2023, LAMATA àti Oando Clean Energy gbé bọ́ọ̀sì oníná jáde láti dán an wò. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó ń lo iná, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2. Red Line tó súnmọ́ wa jù, èyí tó ń gba Agége kọjá, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì ọdún 2024, dísù ló ń mu.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé kí ìtàn páìpù má tún ara rẹ̀ ṣe pẹ̀lú wáyà. Epo gba abẹ́ wa kọjá, ohun tó kù fún wa ni ìlà gígùn ní ilé epo àti ibojì. Bí iná bá tún gba orí wa kọjá lọ sí Lẹ́kí, kí àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ lè máa fi Tesla ṣeré, kí àwa sì máa fi fóònù wò wọ́n, a jẹ́ pé a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ afárá fún eré ẹlòmíràn.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí a bá tún ń jiyàn lórí mọ́tò tó ń gbéra jù, ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè mẹ́ta kún un. Àdúgbò wo ní Alímọ̀ṣọ́ ló wà ní Band A, kí sì ni àwọn tó kù ń dúró dè? Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ibi ìgbánásí wá, ṣé gáréèjì Ìkòtún àti Ìyànà Ìpájà ni yóò kọ́kọ́ dé, níbi tí kèké àti bọ́ọ̀sì wà, tàbí inú ẹ́síteètì onígéètì? Ìkẹta, ta ni yóò dáàbò bo ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn? Àwọn ìyá ọlọ́jà Ìkòtún ń fi etí mọ mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ní Yúróòpù, láti oṣù Keje ọdún 2019 ni wọ́n ti ṣòfin pé irú ọkọ̀ oníná tuntun gbọ́dọ̀ máa dún bí ó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè gbọ́ ọ. Mọ́tò tó ń gbéra lójú ẹsẹ̀, tí kò sì dún, nínú ọjà tó kún fọ́fọ́, ewu gidi ni.

Ìdáhùn wa sí àríyànjiyàn náà rèé. Láti ìdúró, iná ló ń gbéra jù. Bẹntiróò ló ní ohùn tó dùn jù, a kò ní fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ní Alímọ̀ṣọ́, ọkọ̀ tó ń gbéra jù ni èyí tí oúnjẹ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa láìsí pé ó pa ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. A kò tíì ní irú rẹ̀. Iná Ayọ̀bọ̀ lè jẹ́ kí a ní i, bí àwa tó ń gbé lábẹ́ wáyà bá bèèrè ìpín tiwa báyìí, kí wọ́n tó pín in tán.